Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Ná Ara Rẹ̀ ní Ọjà Àwọn Igi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́ kó yáa jẹ ẹ́ tán, nítorí etí tó bá ń gbọ́ ariwo ẹ̀pà kò ní í gbọ́ tèmi. Èmi Ògúnkẹ́yẹ, ọdẹ tí ẹkùn ń rí tó ń bi ara rẹ̀ pé ta ló rán òun jáde lónìí, ìrìn-àjò tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Bí mo bá ní kí n sọ tèmi, ọ̀sẹ̀ yóò yí po, a ó ṣì wà níbi tí mo ti ń di ìgbànú. Ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́jìnmí ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi, ó sì dá mi lójú pé kò parọ́, nítorí n kò tíì rí ẹni tó ń pa irọ́ tí yóò bu òun fúnra rẹ̀ kù tó báyẹn.

Ọdẹ gidi ni Ọdẹ́jìnmí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ohun kan ṣoṣo ló ń bá a jà láyé, òun náà ni Láwóyin àbúrò rẹ̀. Ọbàkan ni wọ́n, bàbá kan náà, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé wọn kọjú síra, bí ẹnì kan bá sín lọ́hùn-ún, èkejì á kí i pẹ̀lẹ́ láti ìhín. Láwóyin kò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ ọ́, ẹ ó jà, yóò sì tán ní inú rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́, tí gbogbo nǹkan rẹ̀ sì ń dára ju tìrẹ lọ, kí lo fẹ́ fi í ṣe? Bí ọmọ Láwóyin bá hu eyín, Ọdẹ́jìnmí á ya ẹnu ọmọ tirẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ń gún iyán nílé Láwóyin, á máa ka iye ìgbà tí ọmọ odó dún, á sì wo ìyàwó rẹ̀ lójú bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Bàbá wọn ló gbin igi ọ̀gànwó méjì lọ́jọ́ kan náà. Ó gbin ọ̀kan sí iwájú ilé ìyá Ọdẹ́jìnmí, ó gbin èkejì sí ẹ̀yìnkùlé ìyá Láwóyin. Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, Jìnádù onígẹdú gbé àwọn òṣìṣẹ́ àti ayùn rẹ̀ wọ ìlú wa, ó ń ra igi inú ọgbà káàkiri. Ó fi okùn wọn igi Láwóyin, ó fi ẹ̀yìn àdá kàn án wò, ó ní òun yóò san pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó dé ti Ọdẹ́jìnmí, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ọwọ́ pa á lára, ó mi orí, ó ní pọ́n-ùn méjìlá. Bó ṣe la ẹnu láti ṣàlàyé ni Ọdẹ́jìnmí ti yí ẹ̀yìn padà. Igi tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ kan náà! Òun ni ẹ̀gbọ́n! Ó ní àbúrò òun ti fi nǹkan sí Jìnádù lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé owó yìí ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe o. Koríko orí ilé Ọdẹ́jìnmí ti jẹrà. Bí òjò bá ti ń ṣú, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ á kó ìkòkò àti igbá kalẹ̀ bí ẹni tó ń pàtẹ, àwọn ọmọ á sì máa sún kiri bí òjò ti ń lé wọn. Káfíńtà ti sọ pé pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógún ni yóò fi páànù bo ilé náà tán. Méjìlá kò lè dé yàrá àwọn ọmọ. Àkọ́rọ̀ òjò sì ti ń kù lókè. Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́ pé kó gba méjìlá náà, kí wọ́n fi bo ibi tí àwọn ọmọ ń sùn ná, nítorí a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọdẹ́jìnmí ní kó lọ jókòó, pé kò mọ ọ̀rọ̀ igi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe òrùlé ló wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń fẹ́ ni pọ́n-ùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kó ju ti Láwóyin lọ ní ẹyọ kan.

Ó wá rántí pé àwọn àgbà ọdẹ máa ń sọ̀rọ̀ Igbó Òdíwọ̀n, níbi tí àwọn igi ti ń ná ọjà tiwọn, tí wọ́n sì mọ iye tó tọ́ sí igi kọ̀ọ̀kan láyé. Ó lọ bá Jìnádù, ó bi í pé bí òun bá gba òǹtẹ̀ iye igi òun wá láti ibẹ̀ ńkọ́. Jìnádù rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní í bá igi jiyàn lórí iye ara rẹ̀, iye tó bá wà lórí òǹtẹ̀ náà ni òun yóò tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ keje ni lọ́rì òun yóò lọ, kí odò tó kún bo ọ̀nà, bó bá sì ti lọ, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó sì wọ igbó lọ.

Èmi mọ igbó yẹn. Mo ti sùn níbẹ̀ tí àwọn iwin fi ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn kí wọ́n má baà jí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a máa bá tirẹ̀ lọ.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi kan iwin kan tó jókòó sí oríta. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gùn tó fi ń já èso lórí igi láìdìde, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gùn ju ṣíbí ìmùkọ lọ. Ọwọ́ méjèèjì kò sì bára wọn rẹ́. Bí ọ̀tún bá já èso, òsì á gbá a dànù lẹ́bàá ẹnu. Bí òsì bá bu omi, ọ̀tún á dà á nù. Ẹnu iwin náà ti gbẹ, egungun rẹ̀ ṣeé kà. Ó ní Ọdẹ́jìnmí kò lè kọjá àfi bó bá dájọ́ èwo nínú ọwọ́ òun ló dára jù. Ó tún sọ fún un pé ọdẹ mẹ́jọ ti dá ẹjọ́ náà ṣáájú rẹ̀: èyí tó bá yin ọ̀tún, òsì ni yóò fún un lọ́rùn, èyí tó bá sì yin òsì, ọ̀tún ni yóò jù ú sí àfonífojì.

Bó bá ṣe pé èmi ni, ìbọn ni ǹ bá fi dáhùn. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí kò ronú rárá, nítorí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ohun tó mọ̀ bí ẹní mọ owó. Ó tẹ̀ síbi ọwọ́ ọ̀tún, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé òun ló dára jù, ṣùgbọ́n kó má sọ fún òsì, kí inú má baà bà á jẹ́. Ó lọ bá òsì, ó sọ bákan náà fún un. Ọwọ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú ara wọn. Ọ̀tún já èso, òsì fi í sẹ́nu, iwin náà jẹun fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí kọjá, ó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín lọ lójú ọ̀nà pé irú ìlara wo nìyẹn. Ẹ gbọ́ o! Òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀!

Lọ́jọ́ kejì tó wọ igbó, ó dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Wojú-Àwo-Ẹlòmíràn. Ní ìlú yìí, ènìyàn kì í kọjú sí oúnjẹ tirẹ̀. Ẹ̀yìn ni kálukú ń gbé àwo tirẹ̀ sí, tí yóò sì máa wo ti aládùúgbò rẹ̀ títí oúnjẹ yóò fi kan. Gbogbo wọn rù bí ẹ̀ẹ́rún. Wọ́n ní àlejò kì í san owó ibodè lọ́dọ̀ àwọn. Ohun tó máa ń san ni pé kí ó sọ gbogbo ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ní, kó má sì fo ọ̀kankan.

Ènìyàn mìíràn ì bá sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó máa lọ. Ọdẹ́jìnmí jókòó, ó túnra ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ewúrẹ́ Láwóyin, ó sọ èyí tó lóyún àti èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó sọ bàtà rẹ̀. Ó sọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Ó sọ àgbọ̀nrín tí Láwóyin pa ní ọdún tí eéṣú jẹ oko, ó ní ẹran náà ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn ará ìlú ń ké pé kó tún un sọ, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fún un ní ìjókòó tó dára. Kò rí ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dùn báyẹn rí. Ìgbà tó sọ dé orí igi ọ̀gànwó ni ó tó bi wọ́n léèrè ọjọ́, wọ́n ní ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Nínú ọjọ́ méje, mẹ́ta péré ló kù, ilé sì jìnnà. Ó fo sókè, ó sáré jáde, wọ́n sì ń sáré tẹ̀lé e pé kò tíì sọ ti adìẹ.

Bí oòrùn ṣe ń yọ lọ́jọ́ karùn-ún ni ó dé Ọjà Àwọn Igi. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé igi kì í rìn, ẹ fi ìyẹn síbẹ̀. Gbòǹgbò ni wọ́n fi ń wọ́lẹ̀ kiri, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń bi ara wọn nípa òjò. Ènìyàn ni wọ́n ń tà. Bí àwa ṣe ń ra wọ́n náà ni àwọn ń ra wá: wọ́n á là wá, wọ́n á fá wa, wọ́n á fi wá ṣe àpótí ìjókòó àti ilẹ̀kùn. Bàbá Àpá, arúgbó igi tí ara rẹ̀ le bí irin, ni adíyelé ọjà náà. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Àpá ní òun yóò fún un ní òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ọjà ni pé ẹni tó bá wá béèrè iye igi, àwọn igi yóò dá iye lé òun náà. Bí iye rẹ̀ bá dé ogún pọ́n-ùn, àwọn á rà á, ayùn á sì kàn án. Bí kò bá dé bẹ́ẹ̀, igi ìdáná ni, àwọn á dá a padà sílé ní àlàáfíà.

Wọ́n fi okùn wọn ìbàdí rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀yìn àdá kàn án láyà, wọ́n tẹ́tí sí i bóyá ihò wà nínú rẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó tọ́. Àpá mi orí, ó ní pọ́n-ùn mẹ́wàá, ó pọ̀ jù fún un pàápàá. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rí i pé ìgbàlà ti dé? Ohun tó kù kò ju kó gba òǹtẹ̀ kó sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdẹ́jìnmí ti ń lọ, ó bá dúró.

Ó ní, “Bàbá, ẹ dákun, bó bá jẹ́ pé Láwóyin àbúrò mi ló wá síbí ńkọ́?”

Àpá ní, “Láwóyin? Igi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ fún wa. Pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, láìná.”

Ọkàn Ọdẹ́jìnmí gbóná bí ata. Ó padà wá, ó bọ́ dàńṣíkí. Ó ní kí wọ́n tún ìbàdí òun wọ̀n, pé ẹni tó wọ̀n ọ́n kò fa okùn dáadáa. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó di méjìlá. Ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n, ó di mẹ́tàlá. Ó ní ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ẹran tó pa láti ìgbà èwe rẹ̀, ìmàdò, ìgalà, èkìrì, títí tó fi dé orí ẹfọ̀n kan tí agbárí rẹ̀ wà níwájú ilé rẹ̀ títí dòní. Iye ń gòkè. Ó di mẹ́rìndínlógún, ó di ogún. Igi tíìkì kan, àjèjì tó ń ra ènìyàn lọ sí òkè òkun, sún mọ́ tòsí, ó ń fojú wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí fò sókè, ó gbé ẹrù wúwo, ó kọ ìjálá. Nígbà tí Àpá ké e pé, “Pọ́n-ùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!” inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi yí ojú ká ọjà bóyá ẹnì kan láti ìlú wa wà níbẹ̀ tí yóò lọ sọ fún Láwóyin.

Tíìkì sanwó. Wọ́n gbé ayùn wá.

Ibẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ ti padà sórí. Ó bú sẹ́kún, ó ní òun kò tà mọ́. Àpá ní iye tí wọ́n bá ti ké ní ọjà àwọn kì í wálẹ̀, àfi bí ẹni náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àbùkù ara rẹ̀, kó sì jẹ́ òótọ́. Ọdẹ́jìnmí ní orúnkún ń dun òun, wọ́n yọ ṣílè kan. Ó ní òun máa ń hanrun, wọ́n yọ kọ́bọ̀. Tíìkì ti ń fi ẹfun sàmì sí i láyà.

Ọdẹ́jìnmí ṣíjú wo eyín ayùn náà, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní, “Agbárí ẹfọ̀n tó wà lára igi mi, mo rà á ni. N kò pa ẹfọ̀n rí.”

Ó ń sọ ọ́ lọ, ojú ń tì í, kò sì lè dúró mọ́. Ẹ mọ̀ pé àṣà àwa ọdẹ ni kí á kan agbárí ẹran tí a bá pa mọ́ igi iwájú ilé. Ó jẹ́wọ́ pé gbogbo ọjọ́ tí Láwóyin bá gbé ẹran délé ni òun ń kan tòun, yálà òun pa á tàbí òun rà á, ọgbọ̀n ọdún gbáko. Láwóyin ní tirẹ̀ kì í kan ohunkóhun mọ́ igi. Ó ń sin agbárí ni. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti sọ fún gbogbo ìlú kan lánàá pé ẹran Láwóyin ń ṣàìsàn, irọ́ ni. Iye ń já bọ́ bí èso tó pọ́n. Nígbà tó kù pọ́n-ùn mọ́kànlélógún, ó ní, “Láwóyin dára jù mí lọ. Kò sì ṣẹ̀ mí rí.”

Àpá ní pọ́n-ùn mẹ́sàn-án. Tíìkì gba owó rẹ̀ padà, ó ń kùn pé wọ́n fi ọjọ́ òun ṣòfò.

Àpá wá fún un ní èèpo igi tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ó sì la ọ̀rọ̀ yé e. Ó ní igi inú igbó ń du oòrùn, ìyẹn ló fi ń ga tó sì ń tọ́. Ti Láwóyin há sáàárín ògiri àti igi obì, òun náà gùn gbọnrangandan. Igi iwájú ilé rí àyè, ó kàn ń ya ẹ̀ka nílẹ̀ nílẹ̀, ìtì rẹ̀ kúrú. Bí wọ́n bá sì máa gé e, ògiri ilé wà nítòsí, àfi kí wọ́n fi okùn so ó, kí wọ́n máa gé e díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Èyí tó burú jù ni ìṣó. Ìṣó kan péré tó bá farapamọ́ sínú igi, eyín ayùn lọ nìyẹn, oníléeṣẹ́ ayùn kò sì ní í gba irú igi bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́jìnmí wo òǹtẹ̀ náà. Pọ́n-ùn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ó dín ní ẹyọ kan sí ohun tí Jìnádù ti sọ.

Ọjọ́ méjì ló fi sáré délé. Lójú ọ̀nà, ó ń rò ó pé òun yóò wólẹ̀ bẹ Láwóyin, pé òun ti yí padà. Ó wọ ìlú ní ọ̀sán ọjọ́ keje, ó rí lọ́rì Jìnádù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrù tán. Ó sáré dé iwájú ilé, ó sì bá Láwóyin lórí àkàbà lẹ́bàá igi rẹ̀, tòun ti ẹ̀mú lọ́wọ́, òógùn bò ó. Ó ti yọ gbogbo ìṣó tí ojú rí. Ó kó àwọn agbárí jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọdẹ́jìnmí létòlétò.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Jìnádù ṣàlàyé fún mi pé ìṣó ló ba iye igi yín jẹ́. Ẹ má bínú pé n kò dúró gba àṣẹ, ọjọ́ ló ń lọ.”

Jìnádù wo òǹtẹ̀, ó ní ìgbà tí ìṣó wà lára rẹ̀ nìyẹn. Ó ní àwọn ìṣó tí igi ti gbé mì kò kọjá àyà ènìyàn láti ìsàlẹ̀, òun yóò gé ibẹ̀ dànù, òun yóò sì san pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógún fún ìyókù. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Láwóyin, gbogbo àdúgbò ń yìn ín. Ọdẹ́jìnmí gba owó, ó ní àbúrò òun ṣeun. Ó sọ fún mi pé òun kò bẹ ẹ̀bẹ̀ tí òun ti tò sílẹ̀ láti inú igbó. Ó ní inú ń bí òun. Ó ní ìwà rere pàápàá, Láwóyin ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Ohun tí ó fi ẹnu sọ fún mi tán síbẹ̀. Èyí tó kù ni mo fi ojú ara mi rí, ẹ lè fọkàn tán ìyẹn.

Wọ́n fi páànù bo ilé Ọdẹ́jìnmí tán pátá, wọ́n sì fi bo ti Láwóyin náà. Ní ọ̀sán tí àkọ́rọ̀ òjò dé, mo ń sáré bọ̀ láti oko, mo gba iwájú ilé wọn kọjá. Nínú ilé, àwọn ọmọ Ọdẹ́jìnmí na ara sórí ẹní, kò sí igbá kan nílẹ̀, ibi gbogbo gbẹ. Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀ wà níta láàárín ilé méjèèjì, ó dúró ṣánṣán, ó yí etí kan sí òrùlé Láwóyin, ó tún yí èkejì sí tirẹ̀, omi ń ṣàn láti irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà.

Àwẹ̀ró yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá Abíọ́nà, kí lẹ ń ṣe níta? Òjò ń pa yín.”

Ó gbé ọwọ́ sókè sí i. Ó ní, “Dákẹ́ ná. N kò tíì mọ èwo ló ń dún jù.”

Àwẹ̀ró ti ilẹ̀kùn, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ.